Ọkọ̀ Tí Wọ́n Fi Oyin Wo Ikọ́ Rẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Bí a bá ń dúpẹ́ oore, ká jẹ́ kí olóore mí"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo ti rí i lójú yín. Ẹ̀ ń mi orí bí ẹni tó mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà rọra máa jẹ ẹ́, torí pé ọ̀rọ̀ yìí kan èmi fúnra mi, n kò sì fẹ́ kí ẹyọ kan bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Abúlé wa ló ti ṣẹlẹ̀, ní Kòtò-Àràbà. Orúkọ náà kò purọ́, inú kòtò la wà lóòótọ́. Bí o bá fẹ́ dé ìlú tí ọsibítù wà, àfi kí o gun Òkè Ẹlẹ́dùn, òkè yẹn kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà lábúlé, ti Bàbá Ọlátẹ̀jú sì ni. Bàbá yìí ti fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ fún ìjọba. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra àlòkù ọkọ̀ kan bọ̀ wálé, ọkọ̀ gígùn oníjòókòó mẹ́ta, tó dàgbà ju ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé lọ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí, òmíràn kì í tì. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣí fìlà fún un.

Obìnrin tó bá ń rọbí lábúlé wa, Bàbá Ọlátẹ̀jú ni yóò gbé e gun òkè. Kì í gba kọ́bọ̀, kì í gba iṣu, kì í gba adìyẹ. Ìyàwó tirẹ̀ ló kú lórí ìkúnlẹ̀ nígbà kan tí òun ń wa ọkọ̀ àwọn ọ̀gá kiri lọ́nà jíjìn, tí kò sí ọkọ̀ kankan nílé tí yóò gbé e. Ó ti búra pé irú rẹ̀ kò ní í ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin mìíràn lójú òun. Bí wọ́n bá wá dúpẹ́, ohun kan náà ló máa ń sọ.

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé èmi ni mo gbé yín sẹ́yìn ni? Ọkọ̀ ló gbé yín. Ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó yẹ kí bàbá yìí ti mọ irú èèyàn tí à ń jẹ́ ní Kòtò-Àràbà. Bí o bá ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ igi, a ó dì mọ́ ọn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ náà gbé ìyá rẹ̀ lọ bí, nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá Ẹfúnjọkẹ́ ni àgbà obìnrin tó máa ń di àwo ìsọmọlórúkọ mú lábúlé wa. Oyin wà nínú àwo, iyọ̀ wà níbẹ̀, àti obì, àti orógbó, àti ààdùn. Ìyá fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, ó fi kan ìyá ọmọ, ó fi kan bàbá ọmọ. Lẹ́yìn náà ló dìde ti òun ti àwo, ó ní ó ku ẹnì kan tí kò tíì tọ́ ọ wò. Bàbá Ọlátẹ̀jú ti lọ sóko ní tirẹ̀. Àwọn èrò tẹ̀lé e títí dé ìdí ọkọ̀.

"Ìyá, níbo lẹnu rẹ̀ wà?" ni wọ́n bi í.

Ẹnì kan na ọwọ́ sí iwájú, níbi tí iná ọkọ̀ wà. Ìyá Ẹfúnjọkẹ́ wò ó tàánútàánú.

"Ojú nìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ ronú. Níbo ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde? Níbo ló ti ń tú èéfín bí ẹni ń fa ìkòkò tábà? Ẹ̀yìn lẹnu tirẹ̀ wà. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i."

Kí n sọ òótọ́ fún yín, bí mo bá wà níbẹ̀, èmi náà ì bá gbà fún un. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí sàlẹ́ńsà yọ ẹnu sí, ọ̀pá irin gígùn yẹn tó máa ń gbé èéfín ẹ́ńjìnnì jáde. Ó ti obì kan sí i, ó ti orógbó kan tẹ̀ lé e, ó wá fi oyin dè é kó má baà bọ́. "Obì ni yóò bi ikú sẹ́yìn fún ọ. Orógbó ní kí o gbó. Ìwọ tí o gbé wa, o ò ní í dákú lọ́nà." Wọ́n ṣe àmín.

Láti ọjọ́ náà ló ti di àṣà. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún Bàbá Ọlátẹ̀jú, torí wọ́n mọ̀ pé bó bá gbọ́ yóò ní kí wọ́n má ṣe wàhálà. Tó bá ti lọ sóko báyìí, wọ́n á fún ọkọ̀ lóhun ẹnu rẹ̀. Èyí tó bá fúyẹ́ nínú rẹ̀ á fò jáde lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n èyí tí oyin bá ti lẹ̀ mọ́ irin, ooru á yan án mọ́bẹ̀ bí ìpẹ́pẹ́ ìdí ìkòkò. Láàárín ọdún méjì, ọmọ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n bí. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni ìkẹrìnlá. Ìyá mi ní orógbó mẹ́ta ni wọ́n fún un nítorí tèmi, torí pé orí mi tóbi, wọ́n sì mọ̀ pé ó rí ìyà kó tó gbé e gun òkè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ yẹn títí dòní. Bí kò bá sí i ni, ẹlòmíràn ni ì bá máa sọ ìtàn yìí fún yín, kò sì ní í dùn tó báyìí.

Ìgbà tó yá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ó kọ́kọ́ ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, khọ̀, khọ̀, bí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Lẹ́yìn náà ó di pé bó bá ń lọ, á ta kìjí, á dákẹ́, á tún ta kìjí. Agbára rẹ̀ ń dín kù lórí òkè. Wọ́n bá ránṣẹ́ pe Fèyíjìmí.

Fèyíjìmí ni mẹkáníìkì wa, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nínú iṣẹ́, kì í ṣe àwọn tó máa ń tú nǹkan mẹ́wàá kí wọ́n tó to mẹ́jọ padà. Ohun kan ló kàn ń ṣe é. Bó bá ti gbà pé òun mọ nǹkan, ó ti gbà bẹ́ẹ̀ nìyẹn, màlúù kò lè fà á kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí sì kàn án ju ẹnikẹ́ni lọ. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Ṣẹ̀gílọlá, ti wà fún ọdún mọ́kànlá láìrí ọmọ. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Ọlọ́run dá wọn lóhùn, oyún dé. Àmọ́ dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọmọ náà dùbúlẹ̀ sí ìbú. Ó ní, "Ìyá, ẹ má dán an wò kí ẹ bí ọmọ yìí sílé o. Bí ìrọbí bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ́rẹ́, ibí ni kí ẹ máa bọ̀." Nítorí náà, nígbà tí Fèyíjìmí bá tẹ orí ba bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yẹn, ẹ̀mí méjì ló ń wò níbẹ̀, kì í ṣe irin.

Ó fi etí lé ẹ́ńjìnnì, ó di ojú. "Bàbá, ikọ́ ni. Ikọ́ kì í sì í ti ẹsẹ̀ wá, àyà ló ti ń wá. Iwájú ni ìṣòro wà."

Ó tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó máa ń ṣáná sí epo, ó rí i pé wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó fi bébà olóyanrìn ha wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Ọkọ̀ ṣe dáadáa fún ọjọ́ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tú kabúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fi ẹnu fẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan títí òòyì fi ń kọ́ ọ. Ọkọ̀ tún wúkọ́. Ó pààrọ̀ wáyà, ó pààrọ̀ ohun gbogbo tí ọwọ́ lè dé níwájú. Púlọ́ọ̀gì tún dúdú.

Bàbá Ọlátẹ̀jú fúnra rẹ̀ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Fèyíjìmí, ó ń ṣe mí bíi pé nǹkan kan ń fà á lẹ́yìn."

"Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wà á, èmi ni mo mọ inú rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ṣé ẹ rí i, wọ́n ti gbọ́ káàkiri abúlé pé ikọ́ ń ṣe ọkọ̀. Kí la fi ń wo ikọ́ nílé wa? Oyin ni. Orógbó ni. Ṣé ìyẹn náà la máa ń lọ béèrè? Ní àràárọ̀, kí Fèyíjìmí tó dé, Ìyá Ẹfúnjọkẹ́ á ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ṣíbí oyin. Bí ọkọ̀ bá wá gbọ̀n rìrì nígbà tí wọ́n ṣíná sí i, àwọn ìyá ọlọ́mọ á ní gìrì ni, wọ́n á da àdí sí i. Fèyíjìmí ń fọ iwájú, àwọn yẹn ń bọ́ ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí ẹnìkejì ń ṣe, olúkúlùkù sì ń ṣe kàyéfì pé àìsàn yìí mà le o.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Bàbá ṣíná sí ọkọ̀, ọkọ̀ dún gbòlà! Orógbó kan ta jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó bá ewúrẹ́ kan ní ìbàdí. Ọjọ́ kẹta ni ewúrẹ́ náà tó padà wálé. Fèyíjìmí wà níwájú, ó gbọ́ ariwo, kò rí orógbó. Ìyá Ẹfúnjọkẹ́ wà lẹ́yìn ògiri, ó rí orógbó, inú rẹ̀ sì dùn gan-an.

"Ó ti ń hú u jáde," ló sọ fún àwọn obìnrin. "Oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi kún un."

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ìrọbí mú Ṣẹ̀gílọlá. Oòrùn ń ta. Wọ́n gbé e sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ààyè ti gbà á láti na ẹsẹ̀. Fèyíjìmí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Ọlátẹ̀jú pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Kí wọ́n tó ṣíná, Ìyá Ẹfúnjọkẹ́ ti sáré yọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ti odindi ààdùn kan sí i lẹ́nu, ó ní ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò, kó jẹun kó yó.

Wọ́n gbéra. Ọkọ̀ ń ta kìjí, ó ń lọ. Ó dé ẹsẹ̀ òkè, ó gun díẹ̀, ó gun díẹ̀ sí i. Ó dé àárín òkè gan-an, ó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́.

Gbogbo abúlé sáré tẹ̀ lé wọn. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ dé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀, ó ní kí wọ́n tì í. Wọ́n tì í, ọkọ̀ kò mira. Fèyíjìmí ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú púlọ́ọ̀gì kan, ó dúdú. Púlọ́ọ̀gì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú iyanrìn. Ó mú un, ó fi ẹ̀wù nù ún, omijé rẹ̀ sì kán sí i. Ó wo Bàbá Ọlátẹ̀jú.

"Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ìyàwó mi ni o. Ọmọ mi ni o."

Bàbá Ọlátẹ̀jú di sítíárìn ọkọ̀ mú gírígírí, bí ẹni tó tún rí ọjọ́ kan tó ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá.

Ìgbà náà ni ohùn Ṣẹ̀gílọlá jáde láti ìjókòó ẹ̀yìn.

"Olówó orí mi! Ẹ wá sẹ́yìn!"

"Mò ń bọ̀, dákun, fara dà á. Iwájú ni..."

"Mo ní ẹ wá sẹ́yìn! Nọ́ọ̀sì kọ́ mi pé bí ìrora bá dé, kí n fa èémí sínú, kí n sì tú u síta. Ó ní bí mo bá ń fà tí mi ò tú, ojú mi á ṣú. Láti ilé ni mo ti ń bá ọkọ̀ yìí mí pọ̀. Ó ń fà, kò tú! Orí ibi tó ti yẹ kó tú u ni mo dùbúlẹ̀ lé, mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀!"

"Ṣẹ̀gílọlá, àyà ni ikọ́ ti ń..."

"FÈYÍJÌMÍ!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mọ́kànlá ni Ṣẹ̀gílọlá ti wà nílé ọkọ, kò fi ọjọ́ kan pe orúkọ rẹ̀ rí, kódà lójú oorun. Àwọn obìnrin fi ọwọ́ bo ẹnu. Baálẹ̀ yí ojú sí ọ̀dọ̀ igbó bí ẹni tí kò gbọ́. Fèyíjìmí ti dé ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ìró orúkọ náà tó dẹ́kun.

Ó ní kí Bàbá ṣíná sí i. Ẹ́ńjìnnì ń gbìyànjú, Fèyíjìmí na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu sàlẹ́ńsà. Kò sí atẹ́gùn. Ó fi ìka kàn án, ìka rẹ̀ jáde pẹ̀lú ohun dúdú kan tó ń fà. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ahọ́n kàn án.

"Oyin?"

"Má yọ oúnjẹ lẹ́nu ọkọ̀ o!" Ìyá Ẹfúnjọkẹ́ ló ké bẹ́ẹ̀.

Fèyíjìmí rọra yíjú sí i. "Ìyá, oúnjẹ wo?"

Ìyá ṣàlàyé. Ó ṣe é tinútinú, láti orí ọmọ àkọ́kọ́ dé orí ààdùn ọ̀sán yẹn. Fèyíjìmí wo Baálẹ̀, ó wo òkè, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí ọmọdé lè fi sọ ọ́ fún àgbà.

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Ibi tí ẹ ń pè ní ẹnu yẹn, bí ọkọ̀ bá jẹ́ èèyàn, ibẹ̀ kọ́ ni oúnjẹ ń gbà wọlé."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé wọn. Nígbà tó yé wọn, wọ́n yí ojú padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́tàdínlógún! Oyin ìkómọ ọmọ mẹ́tàdínlógún, pẹ̀lú àdúrà!

Ṣùgbọ́n Ṣẹ̀gílọlá tún kérora nínú ọkọ̀, kò sì sí àyè ìtìjú mọ́. Fèyíjìmí já ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì dúró, ó tì í bọ inú sàlẹ́ńsà, ó ń gún un bí ẹni ń gún iyán ọdún. Ó gbọ́ tí nǹkan là nínú rẹ̀. Ó fa ọ̀pá jáde, ó pariwo pé, "Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!"

Bàbá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìró tó dún lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ lábúlé kejì. Gbogbo epo tí kò jó láti ọjọ́ yìí wá, ọjọ́ náà ló jó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Obì fò, orógbó fò, ààdùn fọ́n ká bí eruku. Èéfín dúdú bo gbogbo àwọn tó ń ti ọkọ̀, eyín wọn nìkan là ń rí. Orógbó kan gbéra, ó lọ tààrà, ó sì ṣí fìlà kúrò lórí Baálẹ̀. Wọ́n ní tèmi ni. Ìyá mi dá a mọ̀, ó ní ó tóbi ju tàwọn yòókù lọ. Àwọn ìjòyè kéékèèké sáré lọ wá fìlà nínú igbó.

"Ẹ fi fìlà sílẹ̀!" ni Baálẹ̀ pariwo pẹ̀lú orí pípá. "Ẹ ti ọkọ̀! Ẹ ti ọkọ̀!"

Kò gba títì. Ọkọ̀ fa èémí, ó tú u, ó tún fà á, ó tún tú u. Ó gun Òkè Ẹlẹ́dùn bí ọ̀dọ́mọkùnrin, Fèyíjìmí ń sáré tẹ̀ lé e títí ó fi di ilẹ̀kùn tí kì í tì mú, ó sì fò sínú rẹ̀. Dókítà ní bó bá fi wákàtí kan pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá di òmíràn. Ọmọbìnrin ni wọ́n gbé jáde, òun àti ìyá rẹ̀ sì wà ní àlàáfíà. Fèyíjìmí jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó sunkún bí ọmọ tuntun náà.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Ọpẹ́yẹni ni wọ́n sọ ọmọ náà. Gbogbo abúlé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ara kò rọ̀ wọ́n. Ìyá Ẹfúnjọkẹ́ di àwo rẹ̀ mú, kò wo ọ̀dọ̀ ọkọ̀ rárá. Ó ti ká ẹnu pọ̀, torí ọ̀rọ̀ tí Fèyíjìmí sọ sí i lójú èèyàn lórí òkè ṣì ń dùn ún. Bàbá Ọlátẹ̀jú wọlé, wọ́n dìde fún un. Bàbá la ẹnu, ó ní, "Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọk..."

"RÁRÁ!" ni gbogbo ilé pa pọ̀ ké.

Ni Fèyíjìmí bá fò dìde. Ó ní lónìí, ẹni tó ni oore ni òun máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dì mọ́ bàbá náà lọ́rùn, ó gbé e kúrò nílẹ̀, ó ń sunkún sí i léjìká. "Bàbá, ẹ ṣé! Bàbá, ọdún mọ́kànlá! Bàbá, ẹ ò ní í fojú sunkún ọmọ!" Bó ti ń sọ ọ́ ló ń fún un mọ́ra. Àwọn ìyá ọlọ́mọ mẹ́tàdínlógún rí i, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára, àwọn náà dìde, wọ́n rọ́ lù ú lẹ́yìn, ìyá mi wà lára wọn, èmi náà wà lẹ́yìn ìyá mi. Bàbá Ọlátẹ̀jú la ẹnu, ohùn kò jáde. Ojú rẹ̀ ràn, ó ń fi ọwọ́ lu Fèyíjìmí lẹ́yìn pàpàpà. Wọ́n rò pé inú rẹ̀ ló ń dùn. Wọ́n tún dì mọ́ ọn sí i.

Ìyá Ẹfúnjọkẹ́ nìkan ló wò ó dáadáa. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó dìde dúró, ó sì na ìka sí mẹkáníìkì lójú gbogbo ayé.

"Fèyíjìmí! Èmi ni o dá lẹ́jọ́ lórí òkè, àbí? Wo ohun tí ìwọ náà ń ṣe! Tú ọwọ́ lọ́rùn bàbá yẹn kó tó dákú mọ́ ọ lọ́wọ́! Bí a bá ń dúpẹ́ oore, ká jẹ́ kí olóore mí!"